Èmi Kọ́ Ni Mo Pa Á

Àwa mẹ́ta la jọ fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn. Àbúrò wa, ọmọ ọdún méjìlá, ò gbọdọ̀ dé ìdí kọ̀ǹpútà mọ́. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga iwájú ẹ̀, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ dúró sẹ́yìn ẹni tó bá ń lò ó. Ọ̀kan nínú wa ti fọ́ ọ létí kí ìdájọ́ tó jáde. Ẹ má bi wá pé ta ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó tó.

Ẹ̀sùn tá a fi kàn án ò ju ẹyọ kan lọ: òun ló ń pa kọ̀ǹpútà.

Ilé wa wà ní Bẹẹrẹ, nísàlẹ̀ òkè Màpó. Ẹ ò lè rí i láti títì. Ẹ máa bọ́ọ́lẹ̀ nínú takisí ní ráńdábáòtù, ẹ ó gba àárín àwọn ọlọ́jà kọjá, ẹ ó wá yà sí ọ̀nà tóóró kan tí ọ̀kadà méjì ò lè pàdé ara wọn nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbójú sókè níbẹ̀, ẹ ó rí àwọn òpó ràgàjì Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, tó dúró sórí òkè bí ẹni tó ń wo gbogbo wa láwòmọ́jú. Tẹ́ ẹ bá wá wo ìsàlẹ̀, páànù tó dípẹtà lẹ máa rí, ilé lórí ilé, wọ́n fara ti ara wọn débi pé tí wọ́n bá ń din àkàrà nílé kejì, aṣọ tiwa ló máa gbóòórùn.

Bàbá tó bí bàbá wa ló kọ́ agboolé náà. Alámọ̀ ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ ni. Yàrá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mítà iná kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Oṣooṣù la máa ń dá owó ẹ̀ jọ, oṣooṣù náà la máa ń jà lórí ẹ̀. Àǹtí wa, àbúrò Bàbá, ló ń gbé yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ìyá Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ó ní fírísà ńlá kan tó fi ń ta yìnyín, omi tútù àti sóbò. Tiwa ni yàrá méjì tó kángun sí ẹ̀yìn.

Ọdún 2016 ni Bàbá ra kọ̀ǹpútà náà. Tòkunbọ̀ ni, èyí tó dà bí àpótí, tí sítíkà ọ́fíìsì kan nílùú òyìnbó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ títí dòní. Bàbá ní ká máa fi kàwé. A fi kàwé díẹ̀, a fi wo fíìmù púpọ̀, lẹ́yìn náà a ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí i, a gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì fi bẹ̀rẹ̀ òwò. À ń bá àwọn ọmọ Poly tẹ project wọn. À ń bá ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ṣe ìwé ìpè. À ń bá ọmọléèwé fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Owó ọ̀hún ò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń san owó ilé ìwé ọ̀kan nínú wa, òun náà ló ń ra gààsì.

Oṣù Kejì 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí abíkú.

Kọ̀ǹpútà míì tó bá fẹ́ kú máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Á máa wọ́ bí ìgbín, ojú ẹ̀ á di búlúù, á kọ òyìnbó jàgànjàgàn síbẹ̀. Tiwa ò sọ nǹkan kan. Ẹ wà lórí ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ fẹ́ tẹ àmì ìdánudúró, pàá! Ojú ẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ ó wá gbọ́ fáànù inú ẹ̀ tó ń rọra wálẹ̀, fííí, bí ẹni tó ń mí èémí ìkẹyìn. Gílóòbù tó wà lókè ṣì ń tàn. Tẹlifíṣọ̀n Màámi ṣì ń sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló kú.

Ohun tó jẹ́ ká fura sí ọmọ yẹn gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n mú iná ni, gbogbo ilé ni ì bá ṣókùnkùn. Tí gílóòbù bá ń tàn, tí kọ̀ǹpútà kú, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ló débẹ̀. Ó sì ti rúfin rí: lọ́dún tó ṣáájú, Màámi ká a mọ́ ibi tó ti ń ta bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà lásìkò tó yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ló bá ti ìka bọ bọ́tìnnì, ó pa á fáú kí Màámi má bàa rí i. Kí ni a tún fẹ́ wádìí?

Ṣùgbọ́n ká má purọ́, a wádìí. A wádìí débi tí owó wa gbé e dé.

Ẹni àkọ́kọ́ tá a gbé e lọ bá ò tiẹ̀ ṣí i. Ó wò ó, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó gba ₦5,000, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, ó tún Windows kọ sí i. Bí àwọn fọ́tò fídáù Ìyá Àgbà ṣe lọ nìyẹn, a ò ní ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíràn. A ti wá mọ̀ báyìí pé fáírọ́ọ̀sì kì í sábà pa kọ̀ǹpútà báyẹn. Ohun tó fẹ́ jí ni nǹkan, tó fẹ́ máa gbé inú ilé yín, kí ló fẹ́ fi òkùnkùn ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá wúlò ká ní a gbọ́ ọ kó tó di pé a sanwó.

Ọjọ́ kejì tó dé, ó kú lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà la gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ara wa. Ọ̀kan nínú wa ń wo fídíò lórí YouTube, ẹnì kejì ń fi síkúrúdíráfà tú u, ẹnì kẹta ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ wo eruku! Ẹ mọ eruku pupa Ìbàdàn, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ó ti dì mọ́ ara fáànù bí òwú àkéte, ó ti dí gbogbo ihò tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà kọjá. Inú wa dùn, a ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù máa ń pa ara ẹ̀ lóòótọ́: tí ọpọlọ ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 100°C, ó ní láti kú kó má bàa jóná. A gbọn eruku, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé nu ún, a ra ọ̀dà funfun tí wọ́n ń pè ní thermal paste, a fi sáàárín ọpọlọ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta. Ooru ẹ̀ wálẹ̀. 52°C la bá a. Ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kò pariwo.

Ó kú sí 52°C náà.

A yọ RAM, a fi ìrésà ilé ìwé nu etí ẹ̀, a dá a padà. Ó kú. A wo UPS tí Bàbá rà mọ́ ọn, bátìrì inú ẹ̀, 12 fólítì, ti wú bíi búrẹ́dì, ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti di ohun tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé. A wá dá owó jọ, a lọ sí Queen Cinema, a ra power pack tòkunbọ̀ ₦7,000. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kọ̀ǹpútà ò kú. A ti ń rẹ́rìn-ín, a ti ń sọ pé àwa náà lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a ò fiyè sí ni pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Àǹtí lọ síbi ìkómọ ní Ìṣẹ́yìn. Àǹtí dé lọ́jọ́ kẹrin. Kọ̀ǹpútà kú lọ́jọ́ kẹrin.

Ohun kan wà tó yẹ kó là wá lójú. Tá a bá tan jẹnẹrétọ̀, kì í kú. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, á máa bá iṣẹ́ lọ. A kàn gbà pé iná jẹnẹrétọ̀ ló bá ara ẹ̀ mu, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ pé omi kànga ló bá ara àwọn mu. Ta ló sì lè máa fi epo bọ́ ọ? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, tí jálá kan fò kúrò ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦500, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí à ń tàn tí oníbàárà bá ti sanwó sílẹ̀.

A tún béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀. Nínú Windows, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Event Viewer, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sí. A bá nọ́ńbà 41 níbẹ̀ lọ bíi rẹrẹ. Ìtumọ̀ 41 ni pé ó tún dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ṣe yẹ. Àbí ẹ̀yin náà rí i? Kọ̀ǹpútà ń sọ fún wa pé, 'Mo kú, mi ò mọ ohun tó pa mí.' Nọ́ńbà 6008 wà níbẹ̀ náà, ìyẹn ló máa ń sọ aago tó kú gan-an. A sáré wò ó. Gbogbo ẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí kọ́bọ̀, èyí tó ń bá a rántí aago, ti kú ní tiẹ̀, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá kúrò lára ẹ̀, ó máa ń padà sí 2009. Ẹlẹ́rìí wa ò mọ ọjọ́ òní.

Báyìí la ṣe wọ Ààwẹ̀. 11 oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, nínú ooru tí páànù fi ń dún lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wá burú. Kó tó di ìṣínu, láàárín aago márùn-ún sí méje, ó lè kú lẹ́ẹ̀mẹta. Orí kẹrin nínú project ọ̀kan nínú wa ló kọ́kọ́ lọ, ojú ewé mọ́kànlá, a ò tíì tọ́jú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìpè nìkáà kan tó máa wáyé lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìyá ìyàwó ti san ìdajì owó, ó wá gbà á, kò bá a. Ó jókòó síwájú wa, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú, kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn na ọwọ́ fún owó ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìgbájú yẹn wáyé. Ọmọ náà ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Kò sunkún. Ó kàn ní, "Èmi kọ́ ni mo pa á." Ó wọlé lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí Màámi tó rí ìwé ọ̀hún. Ó ń wá bébà tó máa fi pọ́n ẹ̀pà fún sààrì ni, ló bá fa ìwé ìṣirò àtijọ́ kan yọ lábẹ́ ẹní. Ó fẹ́ ya ẹ̀yìn ẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti kọ nǹkan síbẹ̀. Ó pè wá. Báírò búlúù, ìlà gbọọrọ tó fi rúlà fà, àkọlé lókè: *Ìgbà tí Kọ̀ǹpútà Kú*.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo wà ní síkúùlù. Màámi ló sọ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mò ń bá Àǹtí kó yìnyín fún àwọn oníbàárà.

Ọjọ́rú, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mò ń bá Àǹtí kó yìnyín.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀. Mo wà ní ilé kéú. Álífà lè jẹ́rìí.

Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo ẹ̀. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti kọ ibi tó wà, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá gbé òun lọ sí kóòtù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: ÈMI KỌ́ NI MO PA Á.

A kà á, kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnì kejì. Lẹ́yìn ìgbà tí ìtìjú ti jẹ́ ká rí ìwé dáadáa ni ọ̀kan nínú wa tún un kà, ó wá ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá nínú mẹ́tàdínlógún, ìdí fírísà ló wà." Ẹnì kejì fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní, "A jẹ́ pé òun náà ló pa á." Ẹ̀rín ò tiẹ̀ tíì tán lẹ́nu wa tí gbogbo wa fi dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àǹtí lọ sí Ọjà'ba. A pe ọmọ náà. A ní kó lọ dúró ti fírísà, kó ṣí ìdérí ẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ooru wọ ibẹ̀, kó sì pariwo tó bá gbọ́ tó gbéra. Àwa tan kọ̀ǹpútà, a ò tẹ nǹkan kan, a kàn ń wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Márùn-ún. Ohùn ẹ̀ la gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà: "Ó ti ń hun o!" Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí eruku wọ ojú ẹ̀. Stabilizer dún, kẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó kú. A yọ fírísà kúrò lára iná fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò kú. A dá a padà. Ó kú. Nǹkan kan ṣoṣo là ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lóṣù Kejì, owó power pack yẹn ì bá wà lápò wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé a ti ṣẹ́gun. Mímọ ọ̀daràn yàtọ̀ sí pípe orúkọ ẹ̀. Ta ló máa lọ sọ fún Ìyá Oníyìnyín, nínú oṣù Ààwẹ̀, pé fírísà ẹ̀ ni ìṣòro ilé? Oṣù kan yẹn ló fi ń jẹ ọdún. Tí aago mẹ́fà bá ti lù, èèyàn á tò dé ojú ọ̀nà, ọmọ kéékèèké tó mú kẹ́tù dání, ìyá arúgbó tó fẹ́ fi omi tútù ṣínu. Opó ni. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. A sọ fún Bàbá. Bàbá wò wá títí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ọmọ yìí mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ?" A fi ìwé hàn án. Ó ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní ká fi òun sílẹ̀.

Lẹ́yìn àsámù ló ránṣẹ́ pe Àǹtí. Àwa dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá rọra sọ ọ́, ó fi òwe méjì bò ó, síbẹ̀ ó dun Àǹtí. Ìbàdàn tí wọ́n bí tí wọ́n wò ni Àǹtí, tínú bá ti bí i, gbogbo 'ṣ' ẹnu ẹ̀ á di 's'.

"Bọ̀ọ̀dá, sé nítorí ẹ̀rọ táwọn ọmọ yín ń tẹ̀ ni kí n se pa òwò mi tì? Sé èmi ni mo ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún fírísà yìí se láti osù Kìíní. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ó ń hun, ó ń hun, kò ní gbéra. Ó gbóná bí ààrò. Se ni mò ń ra omi inú ara mi tà."

Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀. Ó wà lẹ́yìn wa, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, tó bá ti ń hun báyẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà máa ń kú."

Àǹtí yíjú sí i. Bàbá náà yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó bá a wí pé ó dá sọ́rọ̀ àgbà. Bàbá wá ní, "A jẹ́ pé ohun kan náà ló ń se ẹ̀yin méjèèjì." Ìbàdàn ni Bàbá náà.

Bàbá Oníná tá a pè ti dàgbà, ó ń mí hélehèle lórí àkàbà. Kò wo kọ̀ǹpútà, kò wo fírísà. Ó fi mítà wọn iná ní yàrá wa: 191. 230 ló yẹ kí iná Nàìjíríà jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló rí ìyẹn? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí fírísà gbéra. Ẹsẹ̀ nọ́ńbà yọ̀: 143. Lẹ́yìn náà ló padà sókè. Ó mi orí, ó ní, "Ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ti há níbì kan."

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa rèé. Waya dà bíi páìpù omi. Tí wọ́n bá so ó pọ̀ níbì kan tí kò le dáadáa, ibẹ̀ á fún un lọ́rùn. Tó bá jẹ́ gílóòbù àti fáànù ló ń mu níbẹ̀, á kárí wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ fírísà, nígbà tó bá fẹ́ gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún èyí tó ń fà tó bá ti ń lọ jẹ́jẹ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tó kù fún ẹni tó wà lẹ́yìn ò tó nǹkan. Fírísà fúnra ẹ̀ ò rí iná tó, ìdí nìyẹn tó fi ń hun láìgbéra. Àwọn oníbàárà tó ń ṣí ìdérí ẹ̀ ṣáá kí wọ́n tó ṣínu ló ń jẹ́ kó máa gbéra léraléra.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń kú? Ìyẹn la fúnra wa lọ kà. Inú power pack ni kápásítọ̀ wà, òun ló ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, bí ẹni tó ha omi sẹ́nu. Tí iná bá já, omi ẹnu yẹn ló máa fi gbé kọ̀ǹpútà dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́ta sẹ́kọ́ńdì, kí iná tó padà. Tuntun nìyẹn o. Tòkunbọ̀ tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ fún òyìnbó kó tó dé Bẹẹrẹ, ta ló mọ iye omi tó kù lẹ́nu ẹ̀? Gílóòbù á ṣẹ́jú, tẹlifíṣọ̀n á fara dà á. Òun ò lè fara dà á.

Ohun tá a fẹ́ sọ gan-an ló kàn yìí.

Bàbá Oníná tọ waya títí ó fi dé àárín ilé, ibi tí waya ti gba inú àjà kọjá. Ó ní kí wọ́n yọ pákó àjà kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó ní ká gun àkàbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ká fojú ara wa rí i.

Waya méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ayé Bàbá Àgbà, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, wọn ò fi nǹkan kan dè é ju ọ̀rá lọ. Ọ̀rá náà ti yọ́, ó ti kán sílẹ̀ bí àbẹ́là. Pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti di èédú, ibi tó jó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni eku ti kó ìtẹ́ sí: bébà, òwú, ewé gbígbẹ. Pákó àti páànù ló kù lókè ẹ̀. Yàrá tó wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni àbúrò wa àtàwọn ọmọ Àǹtí ń sùn.

A sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀kadà méjì ò lè pàdé ara wọn lọ́nà ilé wa. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ panápaná.

Àǹtí ló gùn ún gbẹ̀yìn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ìpìlẹ̀ ògiri, ó yọ gèlè ẹ̀, ó fi nu ojú. Ó bi Bàbá Oníná pé ẹ̀ẹ̀melòó ni fírísà lè tún gbéra kó tó di iná. Bàbá Oníná ní òun ò mọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Àǹtí wọlé lọ yọ fírísà lára iná fúnra ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ta yìnyín. Ó ń dá àwọn èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dákun, ilé ń ṣàìsàn.

₦46,000 ni gbogbo ẹ̀ já sí, waya bàbà tuntun láti ìdí mítà, fírísà ní ìlà tiẹ̀, àwa ní tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó máa já fúnra ẹ̀ tí ẹrù bá wúwo jù. Àǹtí san ìdajì, kò jẹ́ ká bá a jiyàn. A kó owó tá a ti ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun sí i. Bàbá Oníná tún wọn iná: 213. Fírísà gbéra: 208. Kò hun. Ohùn tá a gbọ́ kò ju ti ológbò tó yó lọ.

Ní ti ọmọ náà, ẹ mọ̀ pé nílé wa, àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Kò sí ọ̀rọ̀ fún un lẹ́nu wa. Alẹ́ yẹn, ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní ó ti jẹun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kejì bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní, "Mo ti jẹun kẹ̀." Ẹnì kẹta, ẹni tó fọ́ ọ létí, jáde lọ, ó ra àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú wá, ó fi ògúnfe méjì lé e, ó gbé e ka iwájú ẹ̀ lórí tábìlì kọ̀ǹpútà, lórí tábìlì tá a ti ní kó má ṣe dé. Ó wo oúnjẹ, ó wo wá. Ó fọ ọwọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún lá ìka ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn. A tún orí kẹrin tẹ̀, kò dáa tó ti àkọ́kọ́. Ìyá ìyàwó ò padà wá.

Ọmọ náà ṣì ní ìwé yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a rí i níbi tó gbé e sílẹ̀ ní ṣíṣí, báírò wà láàárín ẹ̀. Ó ti kọ tuntun sí i:

Ọjọ́ Ẹtì, aago méje ààbọ̀ alẹ́. Kọ̀ǹpútà kú. Gílóòbù kú. Fírísà Àǹtí kú. Gbogbo Bẹẹrẹ ṣókùnkùn. Wọ́n mú iná ni. Èmi kọ́ ni mo pa á.